Nọ́ńbà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má wá orúkọ mi nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ ò ní rí i. Kì í ṣe torí pé ojú ń tì mí nìkan. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láyé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ ipa mi dé ilé rẹ̀. Ohun tí mo ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa tún un ṣe, mi ò tíì rí i.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àpótí onídígí tí wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí nílé ìwòsàn, èyí tó ń mú ọmọ móoru, ni à ń ṣe. Àwọn kan ń to irin àti dígí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń wo bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó, tó sì máa ń ké bí ìgbóná bá lọ sílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè sáré wá.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò kó tó jáde. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Bàbá Wòótún là ń pè é, torí pé bó ti wù kí iṣẹ́ tó o gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dára tó, ohun tó máa sọ ni pé kó o wò ó tún. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò mọ̀ ju ohun tí mo kà níléèwé lọ. Odindi oṣù mẹ́fà ló fi jókòó tì mí, kò sì jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òun náà ló dá ọ̀rọ̀ nọ́ńbà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

Gbogbo ohun tí a bá kọ, ibi ìpamọ́ kan là ń kó o sí, ibi ìpamọ́ yẹn sì máa ń ka àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: èyí ni 4116, èyí tó tẹ̀ lé e ni 4117, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá wá fẹ́ kó ètò náà jọ láti fi sínú àpótí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa lọ mú nọ́ńbà àtúnṣe tó kẹ́yìn, tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ ètò. Ẹni tó bá tan àpótí á rí i lójú rẹ̀: 3.2.4118. Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kan nǹkan tí kò tíì kó o sí ibi ìpamọ́, lẹ́tà M á yọ lẹ́yìn nọ́ńbà náà, gbogbo ayé á mọ̀ pé wọ́n ti da nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Bàbá Wòótún fẹ́ràn ètò yìí bí ẹni pé òun ló bí i. Ó máa ń sọ pé èèyàn lè gbàgbé, èèyàn lè bẹ̀rù ọ̀gá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ọwọ́ èèyàn kò kàn kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wa, obìnrin ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Màdámú Ọjọ́ Ajé là ń pè é, torí pé kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ gbà lọ́jọ́ Ajé. Lóṣù tí mò ń wí yìí, Bàbá Wòótún ti yẹ 4118 wò fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ó ti fọwọ́ sí i. Àpótí méjìlá ti jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ọgbọ̀n ló kù tó máa jáde lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí oòrùn ṣe ń kúrò lójú fèrèsé mi, ọ̀gá wá dúró níbi tábìlì mi. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ń ráhùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ àpótí láti nu ọmọ ni àpótí máa ń ké, ariwo náà sì ti sú wọn. Olórí nọ́ọ̀sì kan ti sọ pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, òun á dá tòun padà. Ó bi mí bóyá mo lè wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ọjọ́ Ajé.

Mo ní kò le. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, kí àpótí kọ́kọ́ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú méjì kó tó ké. Àmọ́ 4119 ni ìyẹn máa jẹ́, Bàbá sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò látìbẹ̀rẹ̀.

Ó lóun mọ̀. Ó ń fi ìka lu etí tábìlì. Ló bá sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe olórí àwa tí à ń kọ ètò, pé orúkọ méjì ló wà níwájú òun, àti pé ẹni tó máa ń wá ọ̀nà lòun ń fẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè dúró níbikíbi kí n sọ pé òun ló rán mi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Wòótún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi ọjọ́ kan yẹ àtúnṣe kékeré kan wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kékeré gan-an lòun máa ń bẹ̀rù jù. Ó ní kí n kó o sí ibi ìpamọ́, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́jọ kò jìnnà. Mo ní ó dáa, sà. Mò ń sọ lọ́kàn ara mi pé bàbá yìí ló máa jẹ́ kí ipò náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo kọ ìṣẹ́jú méjì náà. Mo kó ètò jọ, mo wò ó. Lójú kọ̀ǹpútà: 3.2.4118M.

Ẹ ò mọ bí lẹ́tà kan ṣe lè wo èèyàn.

Mo ṣí ìwé tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó lọ mú nọ́ńbà wá. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo yọ ọ́ kúrò, mo sì fi ìka ara mi tẹ 4118 sí ipò rẹ̀. Mo tún kó ètò jọ. M ti lọ, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo dá ìlà náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó tún ibùsùn ṣe kí wọ́n má bàa mọ̀ pé òun sùn lórí rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ Ajé màá kó àtúnṣe náà sí ibi ìpamọ́ bó ṣe yẹ, kí Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, bí àléébù bá sì wà, a ó ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin tó máa ń lọ fi ètò sínú àpótí láwọn ilé ìwòsàn, Alápò là ń pè é, torí pé àpò rẹ̀ kì í kúrò léjìká rẹ̀. Mo fún un ní fláàṣì tí mo kó ètò náà sí. Èyí tí Bàbá fọwọ́ sí ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì.

Bí Bàbá Wòótún ṣe ń lọ sílé, ó yà lọ́dọ̀ mi. Ó bi mí pé ọ̀rọ̀ àná ńkọ́, ó máa ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí méjì sẹ́yìn ní àná bó bá ń ṣeré. Mo ní mo ti fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, àpótí ọgbọ̀n jáde. Mi ò kó àtúnṣe náà sí ibi ìpamọ́, torí ọwọ́ mi dí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ọwọ́ mi dí. Àwọn nọ́ọ̀sì dúpẹ́ pé ariwo ti dínkù. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fi mí ṣe olórí. Ọ̀gá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo mọ bí a ṣe ń wá ọ̀nà. Láti ìgbà náà, bí mo bá kó o sí ibi ìpamọ́, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo kọ ọ́. Mo bá pa á rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó wá di pé kò sí ibì kankan láyé tí iṣẹ́ náà wà, àfi inú fláàṣì tí mo fún Alápò àti inú àwọn àpótí tí ọmọ ń sùn sí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ilé ìwòsàn kan pè. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kékeré náà dà bí ẹni pé ó ti, àmọ́ kò wọlé dáadáa. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí lóṣù méje wà nínú rẹ̀. Àpótí tutù díẹ̀díẹ̀, kò ké. Nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan dígí nígbà tó ń kọjá ló mọ̀ pé ibẹ̀ ti tutù. Wọ́n ti gbé e sí àpótí mìíràn, wọn ò sì tíì mọ̀ bóyá ó máa yè é.

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti mọ̀. Ilẹ̀kùn tí kò wọlé dáadáa ń mì, gbogbo ìgbà tó bá mì, ìṣẹ́jú méjì mi á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àpótí náà á máa mú sùúrù títí láé.

Bàbá Wòótún ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀. Ó fi hàn wá: ilẹ̀kùn tí kò wọlé dáadáa, ọjọ́ tó dán an wò, àmì pé ó ké. Ọ̀gá ní kí wọ́n bi Alápò, tó wà nílé ìwòsàn náà, nọ́ńbà wo ló wà lójú àpótí. Alápò ní 4118 ni, pé òun ti dán an wò níṣojú dókítà, kò ké.

Bàbá lọ dán tirẹ̀ wò, àpótí tó fi ń ṣe àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́. Ó ké. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó ní bí nọ́ńbà bá jẹ́ ọ̀kan náà, ètò kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni òun. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé òun kò ṣe é bó ṣe yẹ, kí òun máa rò pé òun ń ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá bá mi. Ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí nígbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n bá òun wo ìwé náà, pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú òun mọ́. Ó sọ ohun tí kò sọ fún mi rí: pé kí ìyá òun tó kú, kò mọ orúkọ ọmọ kankan mọ́, òun lòun ń bọ́ ọ. Ó ní báyìí gan-an ni ti ìyá òun ṣe bẹ̀rẹ̀, á sọ pé òun ti ti ilẹ̀kùn nígbà tí kò tì í.

Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o sún mọ́ mi, ǹjẹ́ o ti kíyè sí nǹkan kan lára mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, àyè nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà náà, òun nìkan ni ì bá gbọ́.

"Bóyá ó rẹ̀ yín ni, sà," ni mo wí. "Ẹ sinmi díẹ̀."

Ó mi orí, ó pa ìwé náà dé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìwé fún ọ̀gá pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù.

Bí mo bá ń jẹun, ojú Bàbá ni mò ń rí. Bàálé mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tó ń ṣe mí, mo ní iṣẹ́ ni, ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu, pé iṣẹ́ ni. Àwọn ilé ìwòsàn ò dákẹ́. Èkejì pè. Ohun kan náà.

Alápò bá gbé ọ̀kan padà wá. Wọ́n gbé e sórí tábìlì gígùn ní yàrá tí wọ́n ti ń to àpótí, wọ́n gbé ti Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa dúró yí wọn ká. Alápò fi páálí pélébé há ilẹ̀kùn àwọn méjèèjì kí wọ́n má bàa wọlé, ó sì ń fi ọwọ́ mì wọ́n. A ń wo bí ìgbóná ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ti Bàbá ké. Èkejì dákẹ́.

A dúró. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Lójú àwọn méjèèjì: 3.2.4118.

Ọ̀gá ní bóyá wáyà ló bàjẹ́. Ẹnì kan ní bóyá agogo inú rẹ̀ ni. Bàbá Wòótún sún mọ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo nọ́ńbà kan, ó ń wo èkejì. Ó wá ní kí wọ́n yọ ètò inú àwọn méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Wọn ò dọ́gba.

Ó nàró. Kò wo ẹ̀rọ mọ́. Èmi ló ń wò.

"Kọ̀ǹpútà kò lè kọ nọ́ńbà yìí sára nǹkan méjì tó yàtọ̀," ló wí. "Ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ̀kan. Ta ló kó ètò àwọn ọgbọ̀n yẹn jọ?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Mo rò pé wọ́n á bú mi. Kò sí ẹni tó bú mi. Ìbéèrè tí ọ̀gá bi mí burú ju èébú lọ. Ó ní, kí n sọ fún òun kíákíá, àpótí wo àti àpótí wo ni?

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Ó yíjú sí Alápò. Alápò ní fláàṣì méjì ló wà nínú àpò òun, nọ́ńbà kan náà ló wà lára wọn, èyí tí ọwọ́ òun bá kọ́kọ́ bà lòun ń lò, òun sì ti lo méjèèjì lọ́pọ̀ ibi, àní nínú àpótí méjìlá àkọ́kọ́ tí òun padà lọ tún ètò fi sí. Kò jẹ̀bi. Nọ́ńbà ló sọ fún un pé ìkan náà ni wọ́n. Àpótí méjìlélógójì ló wà níta, ojú gbogbo wọn bá ara wọn mu. Èmi tí mo ṣe é, mi ò lè fi ìka kan sí ọ̀kan pé ìwọ ni.

Wọ́n pín ilé ìwòsàn fún wa kí a máa pè wọ́n. Wọ́n fún èmi náà ní tèmi, torí pé èèyàn kò tó. Ohun tí a ní láti sọ ni pé kí wọ́n má lo àpótí náà títí Alápò á fi dé.

Ní ìkẹta tí mo pè, nọ́ọ̀sì kan gbé e. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ti rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ó wá sọ pé, "Àpótí mẹ́ta la ní. Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú wọn báyìí. Níbo ni kí n kó wọn sí?"

Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga. Mo ní kí wọ́n máa fọwọ́ kan dígí lóòrèkóòrè. Ó ní, "Àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó gbé fóònù kalẹ̀. Kò fi ìbínú gbé e kalẹ̀, ó kàn ní ibi tó ń sáré lọ ni.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi rin gbogbo ibẹ̀ já. Mọ́kàndínlógún ló ní tèmi nínú. Ọ̀kan wà lára àpótí mẹ́ta ti nọ́ọ̀sì yẹn. Kò sí ọmọ tó kú. Ọmọ olóṣù méje àkọ́kọ́ náà yè é, wọ́n ní ó ti lọ sílé. Mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò lè sọ pé èmi ni mo yọ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, àti orí wọn.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ kẹfà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó tó oṣù kan kí n tó lè lọ sílé Bàbá Wòótún. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ mí, kò rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi lómi. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá nínú pálọ̀ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn dé ọjọ́ tí wọ́n lé mi, mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó ní kí n dìde. Ó lóun ti dárí jì mí kí n tó dé, pé iṣẹ́ ni, èèyàn ń ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ọjọ́ tí mo sọ pé ó rẹ òun, kí ni mo rí lára òun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé òun á gbà á gbọ́?

Mo ní mi ò rí nǹkan kan, sà. Irọ́ ni mo pa. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín.

Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà.

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí jáde. Ní ẹnu géètì, ó sọ fún mi pé ọ̀gá ti wá bẹ ọkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta kó padà, ó kọ̀. Ó lóun ò lè fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́. Ó ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé: pé òun ti mu oògùn, pé òun ti pa iná sítóòfù. Bó bá kọ ọ́ tán, á tún lọ wò ó. Ìyá náà ní ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti fẹ́ra, òun lòun máa ń gbàgbé nǹkan, ọkọ òun ló máa ń rán òun létí. Àwọn ti lọ rí dókítà, dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sáré lọ sọ ọ́ lónìí, kó tó di pé ẹlòmíràn gbà á sí ara rẹ̀. Mo sọ tèmi tán pátápátá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò mú iyèméjì tí mo fi sí i lọ́kàn kúrò.

A ṣì wà lẹ́nu géètì nígbà tí ó jáde láti inú ilé, ó ń fi sálúbàtà wọ́lẹ̀ bọ̀, ó ń pè mí. Mo yára padà lọ pàdé rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé mo ti sọ fún ọ pé mo dárí jì ọ́, àbí mo kàn rò ó lọ́kàn ni?"

Mo ní, "Ẹ ti sọ ọ́, sà."

Ó dúró, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló wo ìyàwó rẹ̀, bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ìyá náà mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló tó yí padà wọlé.